Èkó Lára Ògiri: Ìtàn Ìlú Kan Nínú Máàpù, Ìwé, Fọ́tò àti Pósítà Àtijọ́

Bí wọ́n bá pàtẹ ohun àtijọ́ nípa Èkó, máàpù ló sábà máa ń kọ́kọ́ fa èrò mọ́ra. Olúkúlùkù á máa wá àdúgbò tirẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ sídìí fọ́tò àwọn ọba àti àwọn gbajúmọ̀, wọ́n á wo ìwé tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, wọ́n á sì dé ìdí pósítà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ó dára lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ àti ohun tó ń wá. Oníṣòwò ló ní kí wọ́n ya òmíràn, ológun ló ní kí wọ́n ya òmíràn, ọmọ Èkó fúnra rẹ̀ ló sì ya òmíràn nígbà tí ọ̀rọ̀ tí àlejò ń sọ nípa rẹ̀ sú u. Bí a bá ń béèrè ìdí níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtàn ìlú náà ni yóò máa jáde, láti ìgbà Àwórì títí di ayé tiwa.

Kí ìwé tó dé

Ìtàn ẹnu ló ṣáájú gbogbo ìwé. Àwọn Àwórì sọ pé Olófin Ògúnfúnminire ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé àwo kan tó léfòó lórí omi títí ó fi rì ní Ìṣẹ́rí, létí odò Ògùn. Nígbà tó yá, apá kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta, wọ́n sì kọjá sí erékùṣù Ìdó. Ogun ló lé wọn débẹ̀, torí pé ọ̀tá tí kò mọ ọkọ̀ wà kò lè bá wọn jà láàárín omi. Láti Ìdó ni ọ̀kan nínú wọn, Arómirẹ́, ti ń rékọjá lọ pẹja, tó sì dá oko ata sí erékùṣù kejì. Lórí ilẹ̀ oko ata náà ni ààfin Ọba Èkó, Ìgá Ìdúńgànrán, wà títí dòní. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, onífìlà funfun, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Olófin, ló ni ilẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ìtàn Ìbìní gbà. Òpìtàn Jacob Egharevba, tí ìwé rẹ̀ nípa ìtàn Ìbìní jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1930, kọ ọ́ pé Ọba Orhogbua ló pàgọ́ ogun sí erékùṣù náà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àti pé láti ìdí àgọ́ yẹn ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ àlejò kan ti èyí lẹ́yìn. Andreas Joshua Ulsheimer, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Jámánì tó bá ọkọ̀ òkun àwọn Dọ́ọ̀ṣì rìn, dé Èkó ní 1603. Ó kọ ọ́ pé ìlú tó wà lábẹ́ Ọba Ìbìní ni, pé ọgbà líle ló yí i ká, àti pé àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú àwọn balógun mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti Aṣípa, baba àwọn ọba Èkó. Ìtàn tí Èkó ń sọ ni pé ará Ìṣẹ́rí ni, ó gbé òkú balógun Ìbìní kan relé fún ọba rẹ̀, ọba sì fi oyè ta á lọ́rẹ. Ìbìní ní rárá, ẹ̀jẹ̀ Ọba Ìbìní gan-an ni. Ìwé ìtàn Èkó tí John B. Losi tẹ̀ jáde ní 1914 kò parí àríyànjiyàn náà, bẹ́ẹ̀ ni ti Egharevba kò parí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń purọ́. Ohun méjì ni wọ́n ń bi ara wọn: ta ló ni ilẹ̀, ta ló sì ni adé? Ìdílé Ìdẹ́jọ ń sọ ìtàn tó fi ilẹ̀ sọ́wọ́ wọn, Ìbìní ń sọ ìtàn tó fi adé sọ́wọ́ tiwọn, ìtàn méjèèjì sì lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀. Ìpàtẹ tó bá gbé ọ̀kan kọ́ tó fi èkejì sílẹ̀ ti gbèjà ẹnì kan.

Máàpù tó mọ etí òkun nìkan

Àwọn ará Potogí ló kọ́kọ́ fi etíkun wa sínú ìwé. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ ìwé atọ́nà fún àwọn atukọ̀ ní nǹkan bí 1505 sí 1508, mẹ́nu kan ọ̀sà, ó sì sọ pé ìlú ńlá kan ń jẹ́ Ìjẹ̀bú lókè odò, tí yàrà ńlá yí i ká. Yàrà náà, Eredò Súńgbọ́, ṣì wà nínú igbó lónìí, ó sì gùn tó kìlómítà 160. Ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé obìnrin olówó kan tí kò bímọ, Bílíkísù Súńgbọ́, ló gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má bàa parun. Àwọn kan ní Ayaba Ṣébà ni. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn wo yàrà náà bí iṣẹ́ ìjọba tó lágbára, tó lè pe ọ̀pọ̀ ènìyàn síṣẹ́. Ìwé Pereira kò ní orúkọ Súńgbọ́ nínú, ìtàn ẹnu kò sì ní ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìjẹ̀bú àtijọ́ nílò méjèèjì. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sì di títẹ̀ títí di 1892, nítorí pé àṣírí òwò ni ọ̀nà òkun jẹ́ láyé ìgbà náà.

Bí a bá wo máàpù etíkun Guinea tí wọ́n yà láàárín 1600 sí 1800, ohun kan náà ni a ó máa rí. Etí òkun kún fún orúkọ, wọ́n kọ orúkọ ẹnu odò àti èbúté há mọ́ ara wọn. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń jọba lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ rẹpẹtẹ, sábà máa ń ṣófo, tàbí kí wọ́n ya ẹranko sí i. Ibi tí ọkọ̀ òkun lè dé ni òwò wà, ibẹ̀ náà ni owó àwọn tó ń ya máàpù ti ń wá. Ìwé ńlá tí Olfert Dapper tẹ̀ ní Amsterdam ní 1668, tó ní àwòrán ìlú Ìbìní tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí ló kó o jọ láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn. Ní 1798, James Rennell ya òkè tó ń jẹ́ Kong sórí máàpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó nà án gbọọrọ láti apá kan dé èkejì. Òkè náà kò sí. Síbẹ̀, àwọn tó ń ya máàpù ń ṣe àdàkọ rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí Louis-Gustave Binger fi dé ibẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1880 tó rí i pé irọ́ ni. Ní 1830, àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó méjì, Lander àti àbúrò rẹ̀, gba Bàdágírì wọlé, wọ́n kọjá ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì fi ọkọ̀ tẹ̀lé odò Ọya títí dé òkun. Ìgbà náà ni máàpù àwọn òyìnbó tó mọ ibi tí odò náà ń já sí. Ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gbé létí odò ni ìmọ̀ yẹn wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń wá a.

Òwò ẹrú, ìbọn àti omi tí wọ́n wọ̀n

Nígbà ayé Ọba Akínṣemóyìn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni òwò ẹrú wọ Èkó. Ìtàn ààfin sọ pé àwọn oníṣòwò Potogí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un ní páànù amọ̀ tí wọ́n fi bo Ìgá. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni òwò náà gbòde gan-an. Ọ̀yọ́ túká, ogun bo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n kó lógun sì ń ṣàn wá sí etí ọ̀sà. Ẹni tó bá di ìtẹ́ Èkó mú ló di ibodè òwò mú. Ìdí nìyí tí ìjà oyè láàárín Akítóyè àti Kòsọ́kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ní 1845, nínú ogun tí Èkó ń pè ní Ogun Olómirò, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè.

Akítóyè sá lọ, ó bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní December 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ ìlú. Èkó ń pe ìyẹn ní Ogun Àgídìńgbì, látàrí ìró àwọn ìbọn ńlá náà. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú balógun rẹ̀ Òṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà ní 1862, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí òwò ẹrú nìkan ni wọ́n ṣe jà. Òpìtàn J. F. Ade Ajayi tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé àtìgbàdégbà Nigeria Magazine ní 1961, ó sì fi hàn pé òwò epo pupa àti ọ̀nà tó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá wà nídìí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára máàpù. John Hawley Glover, ọmọ ogun ojú omi tí Èkó padà ń pè ní Gọ̀lóbà, wọn ọ̀sà àti ẹnu òkun Èkó ní nǹkan bí 1859. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ irú máàpù bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé inú omi ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Nọ́ńbà wẹẹrẹ-wẹẹrẹ ló tò lórí omi, èyí tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, àti ibi tí yanrìn ti gbá jọ tó lè fọ́ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí ọkọ̀ ńlá yóò ṣe wọlé.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 6 August 1861, ni Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus níwájú ìlú. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ọba fi èbúté àti erékùṣù sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí Èkó sọ ni pé ìbọn ló kọ ọ́, àti pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ọba tí yóò fi fún ẹnikẹ́ni: ti àwọn Ìdẹ́jọ ni. Dòsùnmú pàápàá kọ̀wé ẹ̀hónú sí Ọbabìnrin Victoria. Ọgọ́ta ọdún ni àríyànjiyàn yìí fi wà nílẹ̀ kó tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù.

Nígbà tí ọwọ́ tiwa kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Àwọn Sàró tó ti Freetown dé, àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba dé, ló yí Èkó padà. Ọmọ tí wọ́n tà ni àwọn kan nínú wọn, ọmọ ọmọ tí wọ́n tà ni àwọn mìíràn. Wọ́n mú ìwé kíkà, iṣẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà bọ̀ wálé. Ní Abẹ́òkúta, àlùfáà òyìnbó Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní December 1859, lédè Yorùbá, kí Ẹ̀gbá lè máa kàwé. Ìwé náà kú ní 1867 nígbà tí rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ifọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ní Èkó, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, dá Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Láàárín ogún ọdún sígbà náà, ìwé ìròyìn ti di ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń bá gómìnà wí.

Máàpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. W. T. G. Lawson, awọnlẹ̀ ọmọ Sierra Leone tó ń bá ìjọba Èkó ṣiṣẹ́, ya máàpù ìlú ní 1885 fún ìpàtẹ ńlá àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wáyé ní London ní 1886. Nínú máàpù yìí, Èkó kì í ṣe ẹnu omi mọ́. Ìlú tó ní òpópónà, ilé ìjọsìn àti àdúgbò tó lórúkọ ni. Àmọ́ London ni wọ́n gbé e lọ hàn, kí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ lè rí ohun tí ìjọba wọn ní níkàáwọ́.

Ìwé tó tóbi jù nínú ìtàn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde rárá. Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́ tó ti ṣe onílàjà nígbà ogun Kírìjì, fi ọdún púpọ̀ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin ààfin, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Ọbadáyà àbúrò rẹ̀ ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Bí a bá rí ẹ̀dà 1921 nínú àpótí gíláàsì, ká rántí pé ọwọ́ méjì ló kọ ọ́, àti pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo Yorùbá. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì ní ẹjọ́ tiwọn láti rò.

Lójú ẹ̀rọ fọ́tò

Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ló di gbajúmọ̀ nídìí fọ́tò ní Èkó. N. Walwin Holm ti Accra wá ṣí ilé ìyàwòrán síbẹ̀ ní 1896. George S. A. da Costa, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1853, ti ṣe alámòójútó ilé ìtàwé ìjọ CMS fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gba iṣẹ́ fọ́tò ní 1895. Iwájú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbajúmọ̀ ìlú ń jókòó sí, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi rántí òun: kóòtù àti bàtà dídán, tàbí agbádá. Ìyípadà aṣọ náà ní ìdí. Nígbà tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó ń lé àwọn ọ̀mọ̀wé dúdú kúrò nípò ní àwọn ọdún 1890, ọ̀pọ̀ padà sídìí orúkọ àti aṣọ baba wọn. David Brown Vincent di Mojọlá Àgbébí ní 1894, agbádá ló sì fi ń jáde láti ìgbà náà.

Fọ́tò kan wà tó yẹ kí a dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, ló yà á ní 1897, nínú ọkọ̀ Ivy, nígbà tí wọ́n ń gbé Ọba Ovonramwen ti Ìbìní lọ sí Calabar lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sun ìlú rẹ̀. Ọba jókòó. Àwọn ọmọ ogun dúró lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ ńlá tó wọ̀ bo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lára kámẹ́rà, kò sì sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí fọ́tò náà jẹ́ ẹ̀rí ìṣẹ́gun. Lọ́dọ̀ Ìbìní, ó di ẹ̀rí pé ọba wọn kò tẹrí ba.

Awọnlẹ̀ tó gba ilẹ̀ padà

Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ìjọba ṣiṣẹ́ títí ó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898. Ó ti rí i láti inú bí wọ́n ṣe ń fi ìlà orí ìwé gba ilẹ̀ ìdílé. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tó ní kì í ṣe ti Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, nítorí pé Dòsùnmú ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1861, Macaulay bá olóyè náà lọ sí London ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ ìdílé lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ìjọba san £22,500. Ohun tí ìtàn ẹnu àwọn Ìdẹ́jọ ti ń sọ fún ọgọ́ta ọdún wá di òfin. Kò sí ibi tó tún hàn kedere jù èyí lọ nínú ìtàn Èkó pé ìwé nìkan kọ́ ni ẹ̀rí.

Ìlú tí wọ́n wó, pósítà tó kù

Àjàkálẹ̀ àrùn òkété wọ Èkó ní 1924. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún erékùṣù ṣe. Láti 1955, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulere. Ìlera àti ọ̀nà tó mọ́ ni ìjọba fi ṣe ìdí. Àwọn tí wọ́n kó kúrò ní tiwọn ń ṣọ̀fọ̀ ọjà wọn, àwọn ẹbí tó wà nítòsí, àti oníbàárà tí wọn kò rí mọ́. Ilé Àgùdà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ilé Ìlójọ ní Tinúbú, tó ti wà láti 1855, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, ni wọ́n wó ní September 2016. Fọ́tò ni ènìyàn yóò fi mọ bí ojú fèrèsé rẹ̀ ṣe rí báyìí. Àwọn fọ́tò tí ayàwòrán Pierre Verger yà sí ìwé Marianno Carneiro da Cunha nípa ilé àwọn Àgùdà, tó jáde ní 1985, ti di ìwé ẹ̀rí fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Pósítà ń sọ ti ìgboro. Olórí eléré Hubert Ogunde gbé eré nípa ìdáṣẹ́sílẹ̀ 1945 káàkiri, wọ́n fòfin dè é ní Jos ní 1946. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de eré rẹ̀ mìíràn, Yorùbá Ronú. Bí àwọn eléré bá ti wọ ìlú, pósítà ni wọ́n á fi kéde ara wọn lára ògiri, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà ni èyí tó kù ṣe níye lórí. Ìwé Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, fi fọ́tò àwọn eléré náà sọ ìtàn wọn lédè Yorùbá, ìran kan sì ti inú rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà. Ní 1977, pósítà àjọ̀dún FESTAC gbé ojú Ìyọba Ìdíà ti Ìbìní síta fún gbogbo ayé, nígbà tí British Museum kọ̀ láti yá wa ní ère eyín erin náà gan-an.

Ibi tí ìwé ń gbé, àti ohun tí a ó ṣe

Òpìtàn Kenneth Dike ló rin ìrìn àjò wo àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní àwọn ọdún 1950, tó rí i pé ìwé ń bàjẹ́, tó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Ìwé Macaulay wà ní yunifásítì ìlú náà. Mùsíọ́mù Oníkan ti wà láti 1957. Ní Jaekel House, ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bùté Mẹ́ta, fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára ògiri ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898. Salvador ní Brazil ni àwọn fọ́tò Verger wà, wọ́n lé ní 60,000. Ní 2014, Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ Solomon Osagie Alonge, ayàwòrán ààfin Ìbìní, ní Washington. Ní 2017 ni irú ìpàtẹ náà dé Ìbìní fúnra rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ Èkó kò sí ní ọ̀kankan nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, nínú àpótí ìyá àgbà, nínú ìwé ilẹ̀ tí ikán ti mú igun rẹ̀ jẹ. Ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ gbọ́dọ̀ wá wọn délé, kó ṣe ẹ̀dà, kó sì dá ojúlówó padà fún ìdílé. Kó bi àwọn àgbà léèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò, kí "obìnrin Èkó kan" tó kún ìsàlẹ̀ àwòrán tó bẹ́ẹ̀ lè di Ìyá Lágbájá ti ìdílé báyìí, oníṣòwò aṣọ. Bó bá gbé ìwé àdéhùn 1861 kọ́, kó gbé ẹ̀hónú Dòsùnmú àti ẹjọ́ Olúwa kọ́ tì í. Bó bá gbé Ulsheimer kọ́, kó jẹ́ kí ọmọ Àwórì àti ọmọ Ìbìní sọ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì sọ ibi tí wọn kò ti fohùn ṣọ̀kan. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyí ń dàgbà. Ìbéèrè tí a kò bá bi wọ́n lọ́dún yìí, kò sí máàpù tàbí ìwé tí yóò dá a lóhùn fún wa bí wọ́n bá lọ tán.